Àwa Tí A Ń Gun Òkè Aṣálẹ̀ Láti Houston

Ta ló sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni? Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín yẹn ná. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ara yín sọ ní gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwọn yẹn ń gun àpáta nínú tẹlifíṣàn, pé àwa èèyàn dúdú kì í ṣe irú eléyìí, pé wàhálà tí àwa bàbá àgbà àti ìyá àgbà yín bá bọ̀ láti Nàìjíríà ti tó wa. Etí mi kò tíì di. Kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú yín, àwa ọmọ Yorùbá kan wà ní ìlú Houston yìí tó jẹ́ pé bí ìsinmi gígùn bá ti ń bọ̀, aṣálẹ̀ ni ẹ ó ti bá wa. A gun òkè. A gùn ún títí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi ń pè wá lórúkọ, bí ẹnu wọn tilẹ̀ ń ba orúkọ náà jẹ́. Ẹ gbà á, ẹ má gbà á, ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí Houston ṣe rí. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti Humble títí dé Rosenberg, afárá títì ńlá tí wọ́n ń pè ní fíríwéè ló ga jù níbẹ̀. Bàbá Tóbi, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wá kàwé, kò lè fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ Ìdànrè ni, àárín àpáta ni wọ́n bí i sí. Ó máa ń sọ pé bí òun bá jí láàárọ̀ tí òun kò rí nǹkan kan tó ga ju òun lọ, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ká òrùlé kúrò lórí òun. Enjinníà ni. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá rán an lọ sí ìwọ̀ oòrùn Texas, níbi tó jẹ́ aṣálẹ̀, nígbà tó sì padà dé, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. "Òkè wà níbẹ̀!" ló ń wí. "Òkè gidi! Ẹ gbé bàtà yín."

A ò mọ nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Èmi gbé ẹ̀wù òtútù kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Láńre wọ bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láńre yìí, apòògùn ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, òun ló ní bọ́ọ̀sì kékeré tá à ń gbé lọ. Ìyá Tóbi, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, nìkan ló múra bí ẹni tó mọ ohun tó ń lọ ṣe. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, ó sì mọ bàtà tó dáa. Ó kéré lára, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ ò ní bá a. Ọkọ rẹ̀ á máa pariwo látẹ̀yìn pé, "Tóbi ń dúró de ìyá ẹ̀ nílé o, má fò lọ!" Kò ní bojú wẹ̀yìn.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Fondren Southwest la ti máa ń pàdé láàárọ̀ kùtùkùtù. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ìdérí kúlà tó pa dé, gbàm̀, inú mi á dùn. Kúlà mọ́ínmọ́ín, kúlà ẹran díndín, gálọ̀nù omi tó tò lọ bẹẹrẹ. Láńre á dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, á máa pe orúkọ wa bíi tíṣà: "Ẹni tí kò bá dáhùn, mò ń fi í sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀!" Lẹ́yìn náà, fíríwéè kan ṣoṣo ni, kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, máa lọ. Tá a bá ti kọjá San Antonio, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, á kúrú títí á fi di igbó ẹlẹ́gùn-ún tí kò ju orúnkún lọ, ojú ọ̀run á sì ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká kọ́tìnnì. Orin la máa ń kọ lọ. Èmi ni mo máa ń di máàpù bébà mú lórí itan mi. Ó ti ya níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ po, ṣùgbọ́n mo mọ gbogbo ìlú kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ya yẹn gan-an ló yẹ ká ti yà, la bá ń lọ títí a fi bá ara wa láàárín màálù, màálù níwájú, màálù lẹ́yìn. Bàbá òyìnbó kan tó dé fìlà gbàgẹ̀dẹ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó wò wá títí, ó wo kúlà wa, ó ní ṣé a sọnù ni. Láńre ní rárá o, a wá kí àwọn màálù náà ni. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣáájú wa padà sí títì. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yín, "yà sọ́tùn-ún, yà sósì," ẹ sì dé ibi tí ẹ ń lọ láì mọ ibi tí ẹ gbà kọjá. Ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ ni mo sọ.

Àárọ̀ ibẹ̀ ni ì bá wù mí kí ẹ gbọ́. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ síìpù àgọ́, ṣììrì, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Sítóòfù kékeré á máa ké fùù. Ajá igbó á máa ké lókèèrè bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú. Òtútù á mú yín dé eegun, bẹ́ẹ̀ tó bá di ọ̀sán, oòrùn kan náà tí ẹ yá láàárọ̀ á máa fẹ́ pa yín. Kò sí pé obìnrin ló ń dáná tí ọkùnrin ń jókòó níbẹ̀. Bàbá Tóbi ló ń sè, Láńre ló ń fọ abọ́, èmi ló ń tú àgọ́. Ìyá Tóbi ló ń yẹ omi wò, nítorí kò sí kànga lórí òkè aṣálẹ̀, omi tí o kò bá gbé, o ò ní í mu ún. Á dúró síwájú rẹ: "Gbé ike ẹ sókè kí n rí i." Bí kò bá kún, o ò ní í lọ síbì kan.

Gàrí ni oúnjẹ òkè. Ó fúyẹ́, kì í bàjẹ́, kò nílò iná. Tá a bá dé ṣóńṣó, a ó jókòó sórí àpáta, a ó da omi sí i, ṣúgà, ẹ̀pà, kúlíkúlì, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wa bí ẹni fẹ́ gbé wa lọ. Àwọn òyìnbó tó bá wa níbẹ̀ á máa jẹ bisikíìtì gbígbẹ wọn, ojú wọn á wà lára abọ́ wa. Ọ̀kan tọ́ ọ wò, ó ní kí ló dé tó kan báyìí. Bàbá Tóbi ní bó ṣe yẹ kó kan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Aládùúrà. Inú ọgbà apartment kan náà ni òun àti Láńre ń gbé. Ó gbọ́ pé a máa ń lọ sórí òkè, kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní orí òkè nínú ìjọ tiwọn ju ibi àdúrà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan la rí i tó dé nínú aṣọ funfun gbalaja, pẹ̀lú Bíbélì àti agogo ọwọ́, láìwọ bàtà, nítorí wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ yẹn. Ojú tì wá láti sọ fún un. Ìgbà tá a dé ìsàlẹ̀ òkè, tí ẹ̀gún àkọ́kọ́ gún un lẹ́sẹ̀, ló wá béèrè pé aago mélòó ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀.

"Kò sí ìsìn, Màmá," Bàbá Tóbi dá a lóhùn.

"Ẹ ò gbàdúrà? Kí lẹ wá ń gùn ún fún?"

"A fẹ́ rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni, Mà."

Ó wo òkè yẹn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ní, "Ẹ yá mi ní bàtà." Ìyá Tóbi yá a ní tirẹ̀ kan. Nígbà tó dé ṣóńṣó, ó lu agogo, ó gbàdúrà débi pé àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ṣí fìlà, wọ́n dúró dìgbà tó ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, kò pa ìrìn kankan jẹ mọ́.

Àti Gálílì! Nílé, ọjọ́ kejì Àjíǹde, gbogbo ìjọ ló máa ń jáde lọ sí pápá, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ṣeré. Kò sẹ́ni tó ń fún ni ní ìsinmi Gálílì ní Amẹ́ríkà, a sì máa ń gbà á fúnra wa. Ìyá yín gan-an, tó wá ń sọ fún mi nísinsìnyí pé kí n máa fara balẹ̀, orí àpáta aṣálẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré.

Bàbá Tóbi kú ní ìgbà ooru. Kò kú lórí òkè o. Mo ní láti sọ èyí, torí àwọn kan lọ ń sọ káàkiri pé òkè ló pa á. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, ní Houston tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó sùn, kò jí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tá à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Rótìmí, ló bójú tó gbogbo ètò. Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Pẹ́ntíkọ́sì tí gbogbo wa ń lọ, àfi Màmá Aládùúrà, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti gbà pé ó tọ́, ẹ ò lè yí wọn padà. Wọ́n ní Ìyá Tóbi á wọ dúdú fún ọdún kan gbáko, kò ní lọ síbi ayẹyẹ, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni yóò máa lọ. Ìyá Tóbi gbà. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà. Ẹ bá a nílé, á jókòó sórí àga kan náà, àwọn obìnrin ìjọ á yí i ká, wọ́n á máa sọ fún un pé kó máa fara dà á. Ó ń rù. Mo rò ó pé ìrìn òkè ti parí fún un, bóyá ó tilẹ̀ ti parí fún gbogbo wa.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ Ìdúpẹ́, tí wọ́n ń pa tòlótòló ní Amẹ́ríkà, Láńre ní ká lọ, kí ọ̀rẹ́ wa má bàa rò pé a ti gbàgbé òun. Òkè Guadalupe la fẹ́ gùn, èyí tó ga jù ní gbogbo Texas. A ń kó kúlà sínú bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò kan yà wọlé. Ìyá Tóbi ló sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò dúdú, ẹ̀wù dúdú, gèlè dúdú, àti bàtà òkè rẹ̀. Kò tíì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn tán tí mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Rótìmí fi yà wọlé tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó wa, kí lò ń wá níbí?"

Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ó dìde. "Mò ń lọ sí òkè, sà."

"Òkè wo? Ọdún ò tíì yí po lórí ọkọ ẹ, o ń lọ ṣeré?"

"Ọkọ mi ló kú, sà. Ẹsẹ̀ mi ò kú."

Láńre tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí kọjú sí mi.

"Ìwọ tó o jẹ́ ọ̀rẹ́ àbúrò mi, ṣé ìṣojú ẹ nirú èyí á ti ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyè wà nínú bọ́ọ̀sì. A kì í lé èèyàn sọ̀ níbí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti mọ́tò wọn, wọ́n mú Bíbélì wọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi náà ń bá yín lọ. Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni n ó ti mú un padà wálé." Iwájú ni wọ́n jókòó sí. Ìyá Tóbi lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Aládùúrà. A ò kọrin lọ́jọ́ náà. A gbé oúnjẹ fún Ẹ̀gbọ́n lọ́nà, wọ́n ní àwọn wà nínú ààwẹ̀, kí Ọlọ́run lè yí ọkàn opó àbúrò wọn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Tóbi ń yẹ omi wò bó ṣe máa ń ṣe. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, omi yín dà?"

"Mo sọ fún yín pé mo wà nínú ààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ oúnjẹ ni, sà, àbí ti omi?"

"Méjèèjì."

Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn mú ike omi méjì mìíràn, ó kó wọn sínú báàgì tirẹ̀.

Òkè Guadalupe kì í tan èèyàn. Láti ìsàlẹ̀ ló ti máa ń le, ọ̀nà á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, ìgbà gbogbo ló sì ń lọ sókè. Ìjì ń jà lọ́jọ́ náà débi pé a ní láti máa di àpáta mú. Ìyá Tóbi ló ṣáájú, Ẹ̀gbọ́n Rótìmí tẹ̀ lé e, èmi wà lẹ́yìn wọn. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn: "Ṣé kò tíì tó, ìyàwó wa?" "Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?" Ìyá Tóbi ń gùn ún lọ. A kọjá ibi tí òkúta pọ̀ sí, a dé inú igi páìnì tó wà lápá òkè, níbi tí ìjì ti ń dún bí omi òkun. Mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mo gbójú sókè. Wọ́n di igi kan mú. Ojú wọn ti rí bí eérú, òógùn ti gbẹ lára wọn, òòyì ń kọ́ wọn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ṣubú.

Mo pariwo. Ní gbogbo ọdún tá a ti ń gun òkè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Ìyá Tóbi tó padà sẹ́yìn. Sísáré ló sáré bọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí wọn sí itan rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú. Ó ní kí n tú báàgì gàrí, kí n mú ṣúgà àti iyọ̀. Ó pò wọ́n mọ́ omi nínú ike, ó mì ín.

"Ẹ la ẹnu, sà."

"Ààwẹ̀..."

"Ọlọ́run ti gbọ́ ọ. Ẹ la ẹnu."

Wọ́n ń mi orí. Màmá Aládùúrà bá kúnlẹ̀ sí apá kejì, ó jágbe mọ́ wọn: "Díákónì! Jésù gan-an tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin létí kànga! Ìwọ ta ni? Mu!"

Wọ́n mu. Wọ́n bì í. Ó tún fún wọn, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ tuntun. Ó pẹ́ kí ojú wọn tó wálẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ dí afẹ́fẹ́ fún wọn ní gbogbo àkókò yẹn, kò yẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó fúnra wọn. Ó bi wọ́n pé ọjọ́ wo la wà, wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n dìde, wọ́n dìde. Láńre ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rótìmí na ọwọ́ sí i. "O ṣeun, ìyàwó wa. Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìyá Tóbi gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀. Èmi àti Láńre ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. "Ẹ dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹ máa fún wọn lómi lọ́nà. Tí wọ́n bá tún bì, ẹ tètè wá ẹni ránṣẹ́ sí mi."

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mò ń lọ sókè, sà."

"Lẹ́yìn gbogbo èyí?"

Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá Tóbi, gbogbo èèyàn ló ń sọ ibi tí n ó jókòó sí fún mi. Mo jókòó. Aṣọ tí ẹ ní kí n wọ̀, mo wọ̀ ọ́. Ẹ má rò pé torí ẹ̀ ni mo ṣe wá síbí. Òun fẹ́ràn òkè, òótọ́ ni. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Tèmi ni mo wá gùn." Ó kúnlẹ̀ fún wọn lórí òkúta, ó dìde, ó sì ń lọ. Màmá Aládùúrà àti àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí dúró, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yí kọ̀rọ̀.

Èmi àti Láńre la mú wọn sọ̀. Nígbà tá a ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Ṣé bó ṣe máa ń rìn nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àbúrò mi ò sọ ọ́ fún mi rí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ṣóńṣó, ẹnu Màmá Aládùúrà ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní Ìyá Tóbi kò sunkún. Ó jẹ gàrí, ó wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìjì wá gbé gèlè dúdú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, orí rẹ̀ ṣófo, irun tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ nígbà ọ̀fọ̀ ti ń hù padà, ewú ti yọ lára rẹ̀. Láńre ní ṣé kò so gèlè náà dáadáa ni. Màmá Aládùúrà dá a lóhùn kíákíá: "Afẹ́fẹ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni." Títí Màmá yẹn fi lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a tó dé Houston, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ ní kí Ìyá Tóbi dúró. Àwa tá a jọ lọ náà dúró, a ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Pásítọ̀ fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ pé wọ́n gbọ́ pé ó bá àwọn ọkùnrin lọ sí aginjù, pé ó sì ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kí ọdún tó pé. Ó ní kí Díákónì Rótìmí, tó jẹ́ olórí ẹbí ọkọ, sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ẹ̀gbọ́n Rótìmí dìde. Wọ́n ṣì rù, ètè wọn ṣì bó. Wọ́n dojú kọ gbogbo wa.

"Mo tẹ̀ lé obìnrin yìí lọ kí n lè dá a padà," ni wọ́n wí. "Èmi ni wọ́n dá padà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè bo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Ó fún mi lómi nígbà tí mo ń kú lọ. Ó sì lọ parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti aṣọ, àbúrò tèmi ló kú. Bí èmi ò bá sọ pé ó burú, ta ni ó sọ ọ́?"

Wọ́n jókòó. Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà ìparí.

Wọn kò bá wa lọ mọ́ láéláé o. Ṣùgbọ́n nígbà Gálílì tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìyàwó tiwọn wá síbi tá a ti ń pàdé, wọ́n sì gbé gálọ̀nù omi tó tóbi ju ti gbogbo wa lọ fún un. Wọ́n yọ orí síta láti inú mọ́tò, wọ́n pàṣẹ fún mi pé, "Rí i dájú pé ó mu ún."

Bá a ṣe gbé ayé nìyẹn. Kò sí mọ́. Láńre ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Atlanta, wọ́n ti fa bọ́ọ̀sì náà lọ sí akítán. Ẹgbẹ́ Wàásáàpù wa ṣì ń jẹ́ orúkọ òkè, àmọ́ àdúrà àárọ̀ àti oògùn orúnkún nìkan ló ń wọlé síbẹ̀. Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ ra àyè sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lè sùn sínú aṣálẹ̀ báyìí, bí ẹni ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Dókítà ní kí n máa rọra. Ìyá yín ní kí n máa jókòó. Ẹ̀yin fúnra yín ń gbé ife omi wá bá mi lórí àga bí ẹni pé mo jẹ́ òdòdó inú ìkòkò. Mo ń gba omi náà. Ìjókòó yẹn ni mi ò gbà.

Ẹ máa ń béèrè ibi tí mò ń lọ láàárọ̀ Sátidé, mo sì máa ń sọ fún yín pé mall ni. Irọ́ kọ́. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tó wà lẹ́yìn mall ni à ń lọ, èmi, Ìyá Tóbi, àti ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Rótìmí. Ní ìlú tó tẹ́ báyìí, ibo la tún fẹ́ lọ? A ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, a ó gbé omi sínú rẹ̀, a ó gun ibi tí mọ́tò ń gbà gòkè láti ìsàlẹ̀ títí dé òrùlé, a ó sọ̀, a ó tún gùn ún. Nígbà tí òtútù bá dé, Guadalupe ni a ń lọ. A ti ra àyè sílẹ̀. Ẹ lè sọ fún ìyá yín, ẹ sì lè má sọ.

Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sá tẹ̀ lé mi. Ọmọ wa ni, kò tíì pẹ́ tó dé láti ilé, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Daddy, abeg, where una park?" Mo ní a ò páàkì síbì kankan. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè wà níbẹ̀ yẹn o. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Èmi ṣì ń wá èémí tí n ó fi dá a lóhùn. Ìyá Tóbi ti wà lájà òkè, ó yọ orí wò wá láti ibẹ̀.

"Ẹ sọ fún un kó máa gùn ún bọ̀," ló wí. "A ó pàdé ẹ̀ lókè."